Orúkọ Tí Kì Í Wá sí Ìpàdé

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ Ìyá Ànú ní Lugbe, ní Àbújá, pé kó bá yín rán aṣọ, ẹ ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá mú téèpù. Gbogbo télọ̀ tó kù lójú pópó yẹn, ínṣì ni wọ́n fi ń wọn èèyàn. Ìyá Ànú á yí téèpù padà sí ojú kejì, níbi tí nọ́ńbà ti wẹ́ tó sì pọ̀, á wá máa kà á sẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Bó bá ń kọ ìwọ̀n yín sínú ìwé, á fi ọwọ́ kejì bò ó. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó rí i. Bí ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe máa ń rò nìyẹn, pé bí òun ò bá ti rí ayé, ayé ò rí òun.

Ohun tó ń pa mọ́ kò tó ohun tí èèyàn ń pa mọ́, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ó tóbi. Ọmọ́níkẹ́ Àyàndá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ìlú Yorùbá ni Ṣábẹ̀ẹ́, ó ní ọba, ó ní oríkì, òkúta ńláńlá ló yí i ká. Àmọ́ nígbà tí àwọn òyìnbó ń fa ìlà sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti bàbá wọn, ọ̀dọ̀ Faransé ni Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sí, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló sì wà dòní. Nígbà tí ọkọ Ọmọ́níkẹ́ kú, ó fi Ànú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ ní Kùtọnú, òun gba Àbújá lọ wá iṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni Ànú nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ní ọdún kan péré lòun ó lò. Ọdún kan náà di mẹ́rìnlá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó dé Àbújá, ó gbọ́ bí àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ṣe ń fi ọkùnrin ará Tógò kan ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè é ní Àgànyìn, tí wọ́n ń sín in jẹ. Nígbà tó kan òun, tí wọ́n bi í pé ìlú wo ló ti wá, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn pé “Ìmẹ̀kọ” kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ìhà Nàìjíríà ni Ìmẹ̀kọ wà lẹ́bàá bodè, ohùn wọn kò sì jìnnà sí tirẹ̀. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìjọ, Ìmẹ̀kọ ni onílé mọ̀. Irọ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n a máa ń bọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kó má bàa kú, ó sì ti rẹ Ọmọ́níkẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2017, Ànú pè é láti Dakar, ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàà. Ibẹ̀ ni Ànú ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì inú ọkọ̀ ojú omi. Ó ti lóyún ẹ̀ẹ̀mejì rí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló bàjẹ́. Èyí tó wà nínú rẹ̀ yìí ló dúró.

“Màmá, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé ọmọ yìí jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, ìkejì rẹ̀. Ọkọ mi wà lójú òkun, wọn ò ní dé títí oṣù tó ń bọ̀ fi máa parí. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún yín. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà ni. Ẹ máa wá, àbí?”

“Kí ló dé tí o fi ń bi mí bẹ́ẹ̀?”

Ohùn Ànú kò le, ìyẹn gan-an ló dun ìyá rẹ̀. “Ẹ ò wá nígbà tí mo jáde ìwé. Ẹ ò wá síbi ìgbéyàwó mi, ẹ ní iṣẹ́ aṣọ ọdún Àjíǹde ló pọ̀. N ò bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbé mi wọ yàrá yẹn, mo fẹ́ kí ẹnì kan tó jẹ́ tèmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.”

“Mò ń bọ̀,” ni Ọmọ́níkẹ́ wí. “Kódà bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn ín.”

Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ló tó rántí pé òun kò ní ìwé kankan. Àgbàrá òjò tó wọ ìsọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn ti gbé páálí tí ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì Bẹ̀nẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ. Nígbà náà, kò sunkún rárá. Ó tilẹ̀ dà bíi pé òjò bá a pa àṣírí mọ́. Bó bá jẹ́ Kùtọnú ló ń lọ, ọkọ̀ ni ì bá wọ̀, nítorí ojú bodè mọ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bàálù kì í gbé ẹni tí kò níwèé.

Ìyáàfin Adésànyà ló kọ́kọ́ bá a ní ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ìjọ kan náà lòun àti Ọmọ́níkẹ́ sì ń lọ. Life Camp ló ń gbé, ṣùgbọ́n Lugbe ló máa ń wá ránṣọ, ó ní télọ̀ míì kò tíì mọ ibi tí ìbàdí òun bẹ̀rẹ̀ sí. Ó wá gba gáùn rẹ̀ kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́.

“Ìyá Ànú, ojú ẹ mà wú o. Ta ló kú?”

Ọmọ́níkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí oyún dé orí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyáàfin Adésànyà mí kanlẹ̀.

“Ṣé ìyẹn náà ni wàhálà? Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n lọ gba ìwé ọmọ onílùú wá ní káńsù Ìmẹ̀kọ. Tó bá ti dé, èmi fúnra mi máa mú ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe páásípọ́ọ̀tù.”

Ó kù díẹ̀ kí Ọmọ́níkẹ́ dúpẹ́. Ó kàn ní láti dákẹ́ ni, irọ́ náà ì bá sì máa rìn lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ohùn Ànú, ó ronú pé bí òun bá lọ fi irọ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọmọ òun, kò sí bí òun ṣe máa dúró tó máa tọ́. Ó kúnlẹ̀ sínú àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. N kì í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ. N kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà rárá. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti wá, ní Bẹ̀nẹ̀.”

Ó wá ń retí kí àjà já lé e lórí. Ohun tó gbọ́ ni ẹ̀rín. Ìyáàfin Adésànyà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mú.

“Dìde jàre! Ṣé o rò pé a ò mọ̀ ni? Ọjọ́ kìíní tí o wọ̀n mí, mo yọjú wo ìwé ẹ. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyà mi jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Mo ní, Jésù! Ṣé àyà èèyàn nìyí ni àbí ti erin? Ìgbà tí mo délé ni ọkọ mi sọ fún mi pé sẹ̀ntímítà ni, pé òun làwọn ará ọ̀dọ̀ Faransé ń lò. Kai! Ìyá Ànú, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Bí wọ́n bá ń júwe ẹ, wọ́n á ní, ‘Lọ sọ́dọ̀ télọ̀ Kùtọnú yẹn, ọwọ́ ẹ̀ mọ́.’”

“Gbogbo ìjọ?”

“Àti pásítọ̀.”

Ọmọ́níkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń fi ọwọ́ bo ìwé. Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún, ló bá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà kan tí kò tíì fúyẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti ń mu omi Àbújá.

“Nù ún nù,” ni Ìyáàfin Adésànyà wí, ó ju àjákù ańkárá kan sí i. “Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ tiẹ̀ ṣàánú ẹ, kò jẹ́ kó pé ogún. Ẹ́ńbásì yín ò ha wà ní Àbújá níbí? Lọ bá wọn. Bí páásípọ́ọ̀tù tèmi bá sọnù nílẹ̀ òkèèrè, ibẹ̀ ni mo máa sáré sí. Ìwọ náà, ilẹ̀ òkèèrè lo wà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn yà á lẹ́nu. Láti ọdún mẹ́rìnlá yìí wá, kò rò ó rí pé ilẹ̀ òkèèrè lòun wà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó lọ sí ẹ́ńbásì Bẹ̀nẹ̀. Mẹ́gaádì tó wà lẹ́nu géètì kí i ní “Sànnu, Hajiya,” ó dáhùn ní “Yauwa,” ó sì wọlé. Àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà lókè níbẹ̀, ewéko, ìyeyè àti pupa. Ó tó ìgbà mélòó kan tó ti kọjá lójú títì yẹn nínú ọkọ̀, tó sì mójú kúrò.

Òṣìṣẹ́ tó dá a lóhùn ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Láníyì, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ọmọ Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Pọ́tónóvò. Faransé ló fi kí i. Ọmọ́níkẹ́ la ẹnu, ó wá ọ̀rọ̀ tì. Faransé tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju nọ́ńbà lọ, láti oókan títí dé àádọ́jọ, níbi tí téèpù parí sí.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ́ sí Yorùbá. “Ìyá, ẹ jókòó. Kí la lè ṣe fún yín?”

Ọmọ́níkẹ́ rojọ́ rẹ̀. Bó ti parí rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣáà gbọ́ ohùn mi, ọ̀gá. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí.”

“Mo gbọ́ ọ, Ìyá, ohùn náà sì dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi Yorùbá dá ọmọ Bẹ̀nẹ̀ mọ̀, gbogbo Ìbàdàn ni màá fún níwèé.”

Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Bí òun bá kọ̀wé sí Ṣábẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n wá ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde, ó lè tó oṣù kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló yá jù ú lọ. Bí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tí ẹ́ńbásì mọ̀ bá jẹ́rìí sí èèyàn, òun lè fún un ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì láàárín ọjọ́ kan.

“Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí ẹnu o. Àwọn kan á lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ́ lónìí, wọ́n á wá bá mi lọ́la. Nítorí náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ìwé orúkọ wá, kí n rí orúkọ yín níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún tẹ̀léra, ó kéré tán. Mo mọ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Àbújá. Baba kan tó ń to táìsì sílẹ̀ ilé, Kabusa ló ń gbé. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Ọmọ́níkẹ́ mọ̀ ọ́n.

Baba Màmúdù Àjíṣafẹ́ ni. Nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ kọ́kọ́ dé Àbújá, a máa yọ́ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ náà ní Kabusa ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà Baba ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí Baba ṣe ń to táìsì ló ṣe ń kọ̀wé: rúlà ló fi ń fa ìlà, kì í fa igi lé ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa nǹkan rẹ́. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2006, Ọmọ́níkẹ́ pa ìpàdé kan jẹ. Baba fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó kọ gàdàgbà sẹ́yìn àpòòwé pé: “Sí ọmọbìnrin wa láti Bẹ̀nẹ̀, Ọmọ́níkẹ́ Àyàndá.” Oníbàárà mẹ́ta ló kà á kí lẹ́tà náà tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé oṣù Ọ̀wàrà dé, Ọmọ́níkẹ́ fi ìbínú lọ sí Kabusa. Ó ya lẹ́tà náà níwájú gbogbo ìpàdé. Ó ní, “Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ kúrò nínú ìwé yín. N kì í ṣe ara yín mọ́ láti òní lọ.” Baba wò ó, ó sì fa ìwé ẹgbẹ́ mọ́ra. Ọmọ́níkẹ́ kò sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ Kabusa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òun náà ló wá gbọ́dọ̀ lọ tọrọ orúkọ tó ní kí wọ́n pa rẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ó rò ó láti ẹ́ńbásì dé ilé, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ń padà wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kábàámọ̀ dé eegun.

Ní ọjọ́ Rú, ó bá Baba nínú ilé tuntun kan ní Kabusa, lórí ìkúnlẹ̀, ó ń to táìsì balùwẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ọmọ́níkẹ́ náà kúnlẹ̀ lódìkejì, tó fi di pé àwọn méjèèjì wà lórí eékún, tí ilẹ̀ tútù wà láàárín wọn.

“Baba, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ọmọ́níkẹ́.” Baba pe orúkọ náà bí ẹni pé àná ni wọ́n rí ara wọn. “Yẹra fún sìmẹ́ǹtì yẹn, kò tíì gbẹ.”

Ó yẹra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ní òun hùwà òmùgọ̀, ojú ayé ló ń ti òun. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ odò tó gbàgbé orísun fún un títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Baba kò pa òwe kankan. Ó ń fi ọwọ́ gbá táìsì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jókòó dáadáa. Nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ Ànú, ọwọ́ Baba dúró.

“Ọjọ́ wo ni bàálù?”

“Ọjọ́ Àìkú yìí, Baba. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.”

“Ọjọ́ Àìkú.” Baba mi orí. “Ọjọ́ ìpàdé nìyẹn. Ó dáa. Lọ́la, aago mẹ́sàn-án, pàdé mi lẹ́nu géètì ẹ́ńbásì. Má pẹ́ o.”

“Baba, orúkọ mi... ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ìwé ẹgbẹ́ kì í ṣí níwájú ẹnì kan ṣoṣo. Òfin ni. Lọ́la,” ni Baba wí, ó sì nawọ́ mú táìsì mìíràn.

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọmọ́níkẹ́ ti wà lẹ́nu géètì. Baba dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́sàn-án lù. Agbádá funfun ló wọ̀, ó gbé ìwé ńlá kan tó fi ọ̀rá wé há abíyá. Wọ́n wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Láníyì dìde fún àgbàlagbà náà, ó gba ìwé, ó ṣí i sórí tábìlì.

Ojú ewé mọ́, ìlà rẹ̀ tọ́. Ọ̀gbẹ́ni Láníyì fi ìka tẹ̀ lé orúkọ láti òkè wá sílẹ̀. Ó dúró.

“Àyàndá, Ọmọ́níkẹ́,” ló kà. “Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2017. Kò wá.”

Orúkọ náà wà níbẹ̀! Ọ̀gbẹ́ni Láníyì ṣí ojú ewé mìíràn. “Kò wá.” Ó tún ṣí òmíràn. “Kò wá. Kò wá. Ọdún 2014, kò wá. Ọdún 2011, kò wá.” Ojú rẹ̀ ti ń kọ́rẹ́ lọ. Bó ti ń ka “kò wá” náà, bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́níkẹ́ ń fà wọnú ara rẹ̀. Etí Ànú ló fi ń gbọ́ ọ. Kò wá nígbà tí ọmọ jáde ìwé. Kò wá síbi ìgbéyàwó. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ tó wọ̀.

“Baba,” ni Ọ̀gbẹ́ni Láníyì wí, “ẹni tí ẹ mú wá yìí kò wá sí ìpàdé yín rí láti ọdún mọ́kànlá.”

“Ìgbà àádóje ó lé ẹyọ kan,” ni Baba dáhùn. “Mo kà á lánàá.”

“Kí wá ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?”

Baba tún fìlà rẹ̀ dé. “Ọ̀gá, ẹ ti ń rí ìwé èrú níbí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹni tó bá ń ṣe èrú, ‘ó wá’ ni ì bá kọ. Ta ló máa jókòó fún ọdún mọ́kànlá tí á máa kọ ‘kò wá’ nítorí ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀? Ẹni tí kì í ṣe ara ilé, a kì í retí rẹ̀. Ẹni tí a ò bá sì retí, a kì í sọ pé kò wá.”

Baba nawọ́, ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn títí tó fi dé oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2006. Ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ọ̀gbẹ́ni Láníyì tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè:

“Ọmọ́níkẹ́ Àyàndá ní kí a pa orúkọ òun rẹ́. Inú ló ń bí i. A ò pa á rẹ́.”

Ọmọ́níkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ní gbogbo ọdún tó rò pé òun ti sá fún wọn, ẹnì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò tó ń pe orúkọ rẹ̀ lóṣooṣù, tó ń dúró díẹ̀ kó dáhùn, kó tó kọ ọ́ pé kò wá. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò korò.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyì bú sẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. “Baba, mo ti jókòó sórí àga yìí fún ọdún mẹ́rin, n ò tíì rí ẹ̀rí tó le tó èyí.” Ó yí sí Ọmọ́níkẹ́. “Ìyá, ṣé ẹ ní fọ́tò lọ́wọ́? Ẹ mú mẹ́rin wá. Ẹ padà wá lọ́la ní aago méjìlá.”

Ìwé ìrìnnà náà bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ àti òǹtẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí rẹ̀ títí tó fi dé Lugbe. Ìlú ìbí: Ṣábẹ̀ẹ́. Ó kà á tó ìgbà mẹ́wàá nínú ọkọ̀, ó sì ń fi han obìnrin tó jókòó tì í, tí kò béèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó yẹ kí ọkọ̀ tó háyà gbé e tààrà lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní kó kọ́kọ́ yà sí Kabusa. Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀. Wọ́n ti jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, bí ogún èèyàn, Baba sì dúró níwájú tábìlì, ó ń pe orúkọ. Ọmọ́níkẹ́ gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn.

“Àyàndá, Ọmọ́níkẹ́,” ni Baba pè. Kò gbójú sókè. Ó mọ̀ pé ọjọ́ bàálù ni, ó sì ti kọ èsì síwájú orúkọ náà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kò tiẹ̀ dúró, ó ti fẹ́ pe orúkọ tó tẹ̀ lé e.

“Baba, mo wà ńbí.”

Gbogbo orí yí padà. Baba náà gbójú sókè, ó wo Ọmọ́níkẹ́, ó wo báàgì, ó wá wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Lójú ewé tó mọ́ yẹn, ó ti kọ “kò wá” sílẹ̀. Baba tí kì í fa igi lé ọ̀rọ̀ mú rúlà. Ó gbé e lé orí “kò wá” náà, ó sì fi bírò fa ìlà kan tó tọ́ gbọnrangandan la àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́bàá rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé, “Ó wá.”

“O ti pẹ́,” ni Baba wí. “Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lo fi pẹ́. Ó yá, máa lọ. Bàálù ò ní dúró dè ọ́ bíi tiwa.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ilé ìwòsàn kan ní Dakar, Ọmọ́níkẹ́ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì kan jáde sí àwọn tó jókòó, ó sọ Faransé gígùn kan tí Ọmọ́níkẹ́ kò gbọ́. Orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló dá mọ̀ nínú rẹ̀.

Ó dìde. “Mo wà ńbí,” ló wí ní Yorùbá.

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín sí i, ó ṣí aṣọ tó fi wé ọmọ díẹ̀, ó nà án sí i. Ó tún sọ Faransé. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀, ó sì yé Ọmọ́níkẹ́ yékéyéké. Àádọ́ta sẹ̀ntímítà ó lé ẹyọ kan ni gígùn ọmọ náà. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún nọ́ńbà náà pè fún ọmọ náà létí ní Faransé, sókè ketekete, kò fi ọwọ́ bò ó.